Ọmọ Márùn-ún fún Ìgò Kan

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àbíkẹ́yìn mi bímọ. Obìnrin ni, ó sì ti ń ké kí nọ́ọ̀sì tó gbá a nídìí. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí mi lórí bẹ́ǹṣì tó wà níta yàrá ìgbẹ̀bí á rò pé èmi ni mo bímọ. Ìbàdí ń ro mí. Ẹsẹ̀ mi ti wú débi pé bàtà kọ̀ ọ́. Mo ti fi ohun tí mo pè ní áńkáṣíìfù nu òógùn ojú àti ọrùn mi tán kí n tó rí i pé ìlédìí ọmọ ni. Ìlédìí tuntun ni o, kò tíì kan ìdí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kí ọkàn mi tó balẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lọ sùn ni bébà kan tí mo ká mẹ́rin sínú kọ́mú mi. Dókítà ilé ìwòsàn ńlá ló kọ ọ́ fún wa nígbà tí oyún wà ní oṣù keje. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá ọmọ ní àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítísì B, àti pé kí wọ́n fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní kété tí wọ́n bá ti bí i, kí ó má ṣe ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ. Ó fa ìlà sí abẹ́ wákàtí náà lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìwòsàn ńlá yẹn ló yẹ kí á bímọ sí, wọ́n sì ti ṣèlérí abẹ́rẹ́ kejì fún wa níbẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n, tí kì í sí ní ibi kékeré. Ṣùgbọ́n wọ́n ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Géètì wà ní títì mọ́ abẹ́rẹ́ kejì náà, ọmọ inú ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdaṣẹ́sílẹ̀. Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa nìyẹn.

Kí n sọ ibi tí àrùn náà ti wọlé, kó má baà dà bí ẹni pé mò ń fi nǹkan pamọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni.

Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò nínú oyún tí wọ́n sì rí i, ọkọ rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wẹ́dà ni, ẹni jẹ́jẹ́, tí kì í pariwo àfi tó bá ń lu irin. Ó ń ro ohun tí ọkùnrin máa ń rò. Dókítà ní kí gbogbo ilé wá ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ wẹ́dà mọ́ tónítóní, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí àgbàlagbà ń gbà kí àrùn náà má baà rí i mú. Tèmi ni dókítà wò tí ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ lára mi, ó ṣeé ṣe kó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, tó kàn ń jẹ ẹ̀dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn, láìsí ìrora, láìsí ariwo. Ó ní àgbàlagbà tó bá kó o, ara rẹ̀ sábà máa ń lé e lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kó o lára ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí, nínú mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni yóò gbé e dàgbà. Ọmọ mi wà lára àwọn mẹ́sàn-án.

Mo délé, mo wọ́ àga, mo jókòó síwájú wẹ́dà. Mo ní, "Àna mi, tí o bá fẹ́ bínú sí ẹnìkan, èmi rèé. Mo ti jókòó kó o má baà wá mi kiri."

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò mọ̀."

Mo ní, "Mi ò mọ̀ lóòótọ́. Ohun tí a ò mọ̀ náà ló ń pa wá."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ẹ̀rín kọ́ o, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ó tó mi.

Èmi wá sọ ara mi di ẹni ẹ̀yìn odi. Mo ya ife mi sọ́tọ̀, mo ya ṣíbí sọ́tọ̀, mo fi òwú pupa so wọ́n lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n lò. Fún oṣù méjì, mi ò dì mọ́ ẹnìkan. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún dókítà, ẹ̀rín pa á. Ó ní kì í ti inú oúnjẹ rànni, kì í ti inú ife, ìdìmọ́ra ò ràn án, kódà ọmọ lè mu ọmú ìyá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni, ibùsùn ni, ìbímọ ni. Ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní télọ̀. Ó ní kí ni a fi ń tú rírán.

Bíléèdì kan ṣoṣo ló máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo kì bọ àlàfo kan lára tábìlì máṣíìnì. Òun la fi ń tú rírán. Òun la fi ń gé òwú. Òun ni oníbàárà tó bá ń dúró de aṣọ fi ń gé èékánná rẹ̀, tí òmíràn fi ń tún irun iwájú orí ṣe. Bó bá ya ẹnìkan lọ́wọ́, a ó fi àjákù aṣọ nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ. Mo tún máa ń fọ́nnu pé bíléèdì tèmi kì í tètè kú. Ẹ wo ohun tí àgbà fi ń fọ́nnu. Ṣíbí tí kò ṣe nǹkan kan ni mo dè lọ́rùn, mo fi ọ̀daràn sílẹ̀ kó máa jayé lórí tábìlì.

Mo ju bíléèdì náà nù. Àlùmọ́gàjí kékeré ni a fi ń tú rírán báyìí, kò sì sí ẹni tó lè fi ìyẹn gé èékánná. Èmi fúnra mi ń lo oògùn kan láràárọ̀, torí ẹ̀dọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mo dá a dúró fún oṣù kan nígbà kan, mo ní ara mi ti yá, àfi ìgbà tí funfun ojú mi di àwọ̀ ìyeyè. Dókítà ò bá mi jà. Ó kàn ní bí mo bá tún dá a dúró láìbi òun, kí n rán aṣọ òkú mi sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí mo ti mọ ìwọ̀n ara mi. Ọmọ mi náà ti ń lo irú oògùn yẹn láti oṣù keje, kí kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dín kù kó tó bí. Gbogbo rẹ̀ la ti ṣe. Abẹ́rẹ́ ọmọ ló kù.

Obìnrin kan ló ń tọ́jú fíríìjì abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré yẹn. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún. Agogo mẹ́jọ ló dé. Mo fa bébà yọ láti inú kọ́mú, ó ti rin fún òógùn. Ó fi ìka méjì gbà á.

Ó kà á tán. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ewu ọmọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ọmọ mi, òní ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wo ìlà tí wọ́n fà."

"Mo rí ìlà, mà. Ìgò kan, ọmọ mẹ́wàá ló wà fún. Bí mo bá ṣí i fún ọmọ kan, tí ọjọ́ bá rọ̀, mo gbọ́dọ̀ da ti ọmọ mẹ́sàn-án nù. Èmi ni wọ́n máa kọ ìwé ìbáwí sí. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀kan."

"Ọmọ mélòó ló máa pé tí ọkàn yín fi máa balẹ̀?"

Ó ronú. "Márùn-ún, ó kéré tán."

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta."

"Màmá, ọjà kọ́ la wà."

"Mẹ́rin ńkọ́? Ọmọ tiwa sanra, ẹ lè kà á sí méjì."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Márùn-ún, mà. Agogo mẹ́rin ni mò ń ti fíríìjì, mi ò sì ní dé lọ́la kó tó di agogo mẹ́jọ."

Mo ṣírò rẹ̀. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọ̀la ni wákàtí wa máa pé. Bí fíríìjì yẹn bá tì lónìí láìjẹ́ pé ọmọ gba abẹ́rẹ́, a ti pàdánù ọjọ́ náà nìyẹn. Wẹ́dà pe ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní àdúgbò kejì lórí fóònù. Wọ́n ní fíríìjì tiwọn ti kú láti oṣù tó kọjá. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo pa fíríìjì náà.

Mo ní, "Dúró ti ìyàwó rẹ. Jẹ́ kí n lọ wo ìwé mi."

Ìwé ìwọ̀n ni mò ń sọ, ìwé fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí mo ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìdí àwọn ènìyàn sí. Télọ̀ ni mí. Kò sí aboyún tí mi ò mọ̀ ní àdúgbò wa, mo sì máa ń mọ̀ kí ọkọ tó mọ̀. Obìnrin á wá, á ní kí n tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ òun díẹ̀, pé òun kàn ń sanra ni. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ó dáa, kí ọ̀rá náà ní orúkọ rere." Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á tún gbé aṣọ náà wá kí n fún un padà. Nítorí náà, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ, mo wọ awò mi, mo sì fi ìka tọ gbogbo àwọn tí mo tú aṣọ wọn láti bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Àwọn mìíràn ò tíì bí. Ẹnìkan ti bí, ó sì ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ló kù: Tíṣà, tó bí ìbejì lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ìyàwó oníbúrẹ́dì, àti onídìrí. Ọmọ mẹ́rin. Tiwa di ìkarùn-ún. Kò lé ẹyọ kan. Bí ẹnìkan péré bá kọ̀, ó parí.

Àjà kẹta ni Tíṣà ń gbé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ iye àtẹ̀gùn tí àgbà náà máa gùn. Mo ka mẹ́rìndínláàádọ́ta, mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kẹta yẹn mo rò ó pé kí n kúkú máa gbé ibẹ̀.

Tíṣà ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wò. "Mà, aṣọ mi dà?"

"Ọmọ mi, kì í ṣe torí aṣọ ni mo ṣe wá."

"Ó yẹ kó jẹ́ torí aṣọ, mà. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé. Inú oyún ni mo wà nígbà tí mo gbé e wá, mo ti bí, aṣọ ò dé."

Ẹni tó bá jẹ́ télọ̀ kì í fi ọwọ́ òfo kan ilẹ̀kùn oníbàárà, mo mọ̀. Mo jókòó láìjẹ́ pé ó ní kí n jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ẹ̀jẹ̀ mi dórí ìgò. Ó fetí sílẹ̀ bí tíṣà ṣe ń fetí sílẹ̀ sí ọmọ tó ń purọ́, àfi ìgbà tí mo dé ibi ọmọ.

Ó ní, "Àwọn tèmi ńkọ́? Ṣé ó yẹ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ yẹn náà?"

"Dókítà ní gbogbo ọmọ ló yẹ kó gbà á lọ́jọ́ ìbí, ìyá rẹ̀ ìbáà ní àrùn tàbí kó má ní."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní kí n wá."

"Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn."

Ó ká ọwọ́ ọ̀kan nínú ìbejì tó nà jáde padà sínú aṣọ. Ó ní òun á wà níbẹ̀ lágogo méjì. "Ṣùgbọ́n ẹ búra fún mi nípa aṣọ yẹn."

"Mi ò búra mọ́. Mo ti búra lọ́sẹ̀ kejì."

Ilé oníbúrẹ́dì rọrùn, ilẹ̀ ló wà. Ọkùnrin náà wà lẹ́nu ààrò, ìyẹ̀fun ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di ti bàbá àgbà. Bí mo ṣe dárúkọ àrùn, ó fi ẹ̀yìn rìn títí tí ìdí rẹ̀ fi kan àpò ìyẹ̀fun. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Ohun tí ènìyàn máa fi sẹ́nu ni mò ń ṣe."

Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti inú yàrá. "Kí lò ń sá fún? Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní. Ṣé wọ́n fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ sínú búrẹ́dì rẹ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìdí rẹ ló sọ ọ́. Mà, a ó wá. Kí agogo méjì tó lù, ẹ óò rí mi."

Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná kan lábẹ́ apá, tí oníbúrẹ́dì fi sórí ṣọ́bìrì onígi tó nà sí mi láti òkèèrè. Ṣọ́bìrì ńlá tí wọ́n fi ń ti búrẹ́dì sínú iná ni. Ó tijú mi, ó sì bẹ̀rù mi. Mi ò bínú. Èmi náà ti de ṣíbí mi lọ́rùn rí.

Ọ̀dọ̀ onídìrí ni mo fi ṣe ìkẹyìn, torí mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa le. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá, ó sì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ọmọ sínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ díńgí. Ó ń fọ kóòmù. Kò bèèrè aṣọ, torí mi ò jẹ ẹ́ ní aṣọ kankan. Ó gbọ́ mi dé ìdí. Nígbà náà ló gbé kóòmù sílẹ̀.

Ó ní, "Mà, bíléèdì yẹn."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bíléèdì ara tábìlì máṣíìnì. Nígbà tí ẹ ń tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ mi. Mo fi gé èékánná níbẹ̀. Ó ya mí. Ẹ fún mi ní àjákù aṣọ."

"Mo rántí. Àjákù aláwọ̀ ewé ni."

"Ẹ mọ̀ nígbà yẹn?"

"Rárá. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo mọ̀."

"Látìgbà yẹn wá, ẹ ò sọ fún mi."

Mo ní, "Ojú ń tì mí. Mo ní ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe ọ́. Mò ń sọ ọ́ fún ara mi láràárọ̀, bí mo bá ti ń gbé oògùn mì. Wá ṣàyẹ̀wò, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa gbà lórí ìka. Bó o bá sì kọ̀ láti wá torí mi, gbé ọmọ wá torí òun fúnra rẹ̀."

Ó gbé agbọ̀n ọmọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé mo fẹ́ gbé e. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ máa lọ."

Mo lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe rin ojú ọ̀nà yẹn padà. Oòrùn wà ní agbede orí, itan mi ń ha ara wọn, mo sì ń jẹ búrẹ́dì bí mo ṣe ń lọ torí pé mi ò mọ ohun mìíràn tí ẹnu mi lè ṣe. Mo rí i nígbà náà pé gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn kan á wá gba aṣọ wọn láìrán. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò yẹ ni kí ọmọ mi tún gbé ọmọ tirẹ̀ lọ sílé láìgba abẹ́rẹ́.

Agogo méjì, Tíṣà dé pẹ̀lú ìbejì, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú. Ìyàwó oníbúrẹ́dì tẹ̀lé e. Mo gbé ọmọ tiwa jáde láti yàrá, mo sì jókòó. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ jáde, ó fi ìka ka orí wọn bí ẹni tó ń ka adìyẹ. "Mẹ́rin," ó ní, ó sì wọlé padà.

Agogo mẹ́ta lù. Wẹ́dà jáde, ó bi mí léèrè pẹ̀lú ojú. Mo mi orí. Ó jókòó tì mí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan nínú ìbejì tọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, Tíṣà ní òun máa tó lọ, ọmọ ti tutù. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo gba ọmọ olómi náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìró tèmi wé e. Mo wọlé lọ bá Ìyá Kọ́kọ́rọ́.

"Ọmọ mi, mẹ́rin la jẹ́."

"Mo rí yín, mà."

"Ṣé ẹ lè fojú fo ọ̀kan?"

"Mo fẹ́, mà. Ẹ ṣáà dúró títí di agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá dìgbà yẹn, mà á wo ohun tí ẹ̀rí ọkàn mi bá wí." Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ti ń rẹ òun náà.

Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni onídìrí wọlé láti ẹnu géètì, agbọ̀n ọmọ lórí apá, irun tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìdajì dídì. Kò kí mi. Ó jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì kejì. Ó bá Tíṣà sọ̀rọ̀, tó sì mọ̀ pé mò ń gbọ́: "Kì í ṣe torí ẹnìkan ni mo ṣe wá."

Tíṣà ní, "Ta ló bi ọ́?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ jáde, ó kà márùn-ún, ó tún un kà. Ó lọ ṣí fíríìjì. Ọmọ tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Nọ́ọ̀sì ṣí itan rẹ̀, itan tí kò tó àtàǹpàkò mi méjì, abẹ́rẹ́ sì wọlé. Ó sé èémí díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà ló ké. Wọ́n kọ àkókò sínú káàdì rẹ̀: agogo mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Wẹ́dà yí ojú sí ògiri. Àwọn mẹ́rin yòókù gbà á tẹ̀lé ara wọn, ilé náà wá dà bí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ológbò mọ́lẹ̀.

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ló wọlé lákòókò yẹn. Obìnrin arúgbó bíi tèmi ni, ó ń bọ̀ láti ìpàdé ìdaṣẹ́sílẹ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó bá Ìyá Kọ́kọ́rọ́ tó mú ìgò lọ́wọ́ lórí agbọ̀n ìdọ̀tí, tó ń wo aago.

Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mà, mo ti ṣí i lónìí. Bí ẹnìkan ò bá dé mọ́, mo máa da ìyókù nù."

"Ta ní kó o dà á nù? Èyí tí a ń fi omi pò, bíi ti ikọ́ ife, ni kì í sùn mọ́jú. Eléyìí ò ní omi tí a pò mọ́ ọn. Kọ ọjọ́ tó o ṣí i sára ìgò, dá a padà sínú òtútù, ó lè wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dúró. "Bí wọ́n ṣe kọ́ mi kọ́, mà. Wọ́n ní ìgò tí a bá ti ṣí."

"Wọ́n kọ́ ẹ láàbọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo, o lè ṣí i fún un."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ka àtẹ̀gùn mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mo gba búrẹ́dì lórí ṣọ́bìrì bí ajá. Mo ti tú ara mi síhòòhò fún gbogbo àdúgbò, àti látàárọ̀, ìgò ti wà ńlẹ̀ tó lè ṣí fún ọmọ kan. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, ó sì kọ̀, kò dáwọ́ dúró. Mo rẹ́rìn-ín títí tí omijé fi dé, tí mo sì tún ń rọra tọ̀, ọjọ́ orí ni, ẹ má dá mi lẹ́jọ́, ìró mi kúkú ti rin fún ti ìbejì. Kò sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ tèmi.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kúnlẹ̀ síwájú mi. "Màmá, ẹ má bínú."

"Dìde, ọmọ mi. Ká ní o ti mọ̀ ni, ọmọ mẹ́rin yìí ì bá ṣì máa dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Mo sọ ọ́ torí pé òótọ́ ni, àti torí pé kò sí agbára ìbínú lára mi mọ́.

Onídìrí ti wọlé bá olórí nọ́ọ̀sì. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó na ìka. Ìlà kan ló yọ lórí pátákó kékeré tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò, kì í ṣe méjì. Olórí nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kó wá máa gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ náà, mẹ́ta, kó má baà tún bẹ̀rù bíléèdì ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń jáde, ó kọjá níwájú mi, ó dúró, ó ní, "Ó mọ́." Ó lọ. Kò dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi.

Mo gbé ọmọ wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Ọmọ mi ti jí, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Ṣé wọ́n ti fún un?"

"Wọ́n ti fún un."

"Ṣé ó tó?"

"Kò tíì tó. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìgbà yẹn la máa mọ̀ dájú." Bí mo ṣe ń ka ọ̀sẹ̀ náà lórí ìka, bẹ́ẹ̀ ni orúnkún mi ń dun mí, bí ẹni pé ó ti ń rìn wọ́n.

Ó gba ọmọ, ó fi í sọ́mú. Ọmọ náà dì í mú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Mo dúró, mo ń wo wọn, mo sì sọ ohun tí mi ò tíì sọ rí láti ìgbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ ti jáde.

Mo ní, "Nígbà tí mo bí ẹ, kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìgò kankan wà. Ǹ bá ti wá ọmọ márùn-ún."

"Mo mọ̀, Mọ́mì."

"Ǹ bá ti wá ogún."

"Mo mọ̀. Ẹ wá sùn."

Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ibi tó jẹ́ pé ènìyàn kékeré ló yẹ kó gbà. Mo fi ìdí kan síbẹ̀, mo jẹ́ kí ìkejì wà níta. Kí wẹ́dà tó gbé omi dé, mo ti ń hanrun.